Àwọn tó ti ra sólà ti kúrò nínú ìjà iná. Ta ló kù?

Ọmọ_Bàṣọ̀run
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e síwájú yín.

Tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ilé-iṣẹ́ apínná ní kò sí òmíràn nílẹ̀, pé tí a bá fẹ́ tètè rí iná, ká dáwó jọ ká rà á fúnra wa. (Tí a bá sì rà á tán, tiwọn ló dà. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Ẹgbẹ́ onílé pèpàdé. Nígbà tó jó tẹ́lẹ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu ládùúgbò ló ṣíwájú wa. Lọ́yà kan kọ lẹ́tà tí ọ̀gá wọn fi sáré wá, ọ̀gá aṣọ́bodè kan tó ti fẹ̀yìn tì sì gbé owó tó nípọn kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan ò yọjú nínú wọn. Gbogbo òrùlé wọn ló ti gbé sólà. Ìyàwó lọ́yà dúró sẹ́nu géètì, ó ní, "Ẹ máa bá a lọ o, àwa ò lo NEPA mọ́." Àwọn tó jókòó sípàdé ni àwa ayálégbé, ìyá tó ń ta omi dídì, télọ̀ méjì, àti bàbá arúgbó tó jẹ́ alága.

Mi ò bínú ẹni tó ra sólà o. Tí mo bá rówó lónìí, màá rà á. Ṣùgbọ́n tí àwọn tí ìjọba ń gbọ́ tẹnu wọn bá ti kúrò lórí wáyà, ta ló máa bá àwa tó kù pariwo?

Bàbá_Oníná
O ṣeun, ọmọ mi. Iṣẹ́ iná ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Ojú mi ni NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 ṣe di PHCN ní 2005. Nígbà tí wọ́n fi máa tà á fáwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá 2013, mo ti ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wà.

Iná tó pọ̀ jù tí gíríìdì wa, ìyẹn wáyà ńlá tó ń pín iná kárí orílẹ̀-èdè, tíì gbé rí kò ju nǹkan bíi 5,800 mẹgawáàtì lọ, oṣù kẹta 2025 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Àwa tó lé ní 200 mílíọ̀nù là ń pín in. Gúúsù Áfíríkà, tí èèyàn wọn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa, ní ẹ̀rọ tó lè ṣe ju 40,000 lọ, síbẹ̀ wọ́n mọ òkùnkùn dáadáa. Kò sí lẹ́tà tí lọ́yà lè kọ tó máa sọ 5,800 di 40,000. Ohun tí lẹ́tà ń ṣe ni pé ó ń gba iná lọ́wọ́ àdúgbò kan fún àdúgbò mìíràn. Mo wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, mo mọ ẹni tó máa ń pè wá lóru pé ká tan iná síbì kan.

Àǹtí_Ẹlẹ́ja
Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ jẹ́wọ́ fún wọn 😂

Èmi lórí Band A ni mo wà. Wákàtí ogún lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí, kí n má parọ́, iná ń wá. Owó rẹ̀ ló ń pa wá. Oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé e láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 lórí yúníìtì kan. Wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wá ń yí ní bíi 209. Fíríísà ẹja mélòó ni mo fẹ́ tàn? Mo ti kó Titus àti Kote pọ̀ sínú ẹyọ kan, mo pa èkejì, mo sọ ọ́ di àpótí tí mò ń kó ọ̀rá sí. Lálẹ́, tí ẹja bá ti dì gbagidi, mo máa ń pa èyí tó kù náà, màá ká búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé e lórí títí di ìdájí. Oníbàárà ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Tẹ́ ẹ bá wá ra ẹja lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ẹ máa padà ni.

Nítorí náà kì í ṣe pé àwa ò ní iná. Iná dé, àwọn tó lè ra sólà sá fún owó rẹ̀, àwa tí ò lè sá ló ń san án.

Sólà_Pọ́ńbélé
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kí n máa de sólà ni mò ń ṣe, ẹ má jẹ́ ká sọ àwọn oníbàárà mi di ọ̀dàlẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ sá kúrò? Ẹ wo ìsúná 2025: 10 bílíọ̀nù náírà ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún sólà ní Aso Rock. Ilé Ààrẹ! Tí ẹni tó ni gíríìdì bá ń kúrò lórí gíríìdì, kí ni ìyàwó lọ́yà ṣe?

Ẹ̀ẹ̀kejì, sólà kì í ṣe nǹkan olówó nìkan mọ́. Bí bátìrì lítíọ́ọ̀mù ṣe ń wọ́n tó nígbà kan kọ́ ló ṣe ń wọ́n lónìí tẹ́ ẹ bá fi dọ́là ka owó rẹ̀. Náírà ló ń bà á jẹ́ fún wa. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ò tó 500 ní báńkì. Ṣé ẹ rántí ibi tó bá a dé?

Ọmọ_Bàṣọ̀run
@Sólà_Pọ́ńbélé, mi ò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀dàlẹ̀. Ìbéèrè mi ni agbára: ta ló ní in, ta ló ti pàdánù rẹ̀.

Mo_Wà_L'Ọ́jọ́tà
Ìbéèrè gidi nìyí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012, wọ́n gbé epo bẹntiróò láti 65 náírà sí 141. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo orílẹ̀-èdè ti dúró. Mo wà ní pápá Gani Fawehinmi l'Ọ́jọ́tà. Òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀, olórin àti òṣèré, ọlọ́kadà, ìyá alágbo. Ìdí ni pé jẹnẹrétọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń lò! Olówó ń bu epo sínú èyí tó ń dún bíi tírélà, tálákà ń bu ú sínú "I better pass my neighbour", ṣùgbọ́n ilé epo kan náà ni gbogbo wa tò sí. Ìjọba dá a padà sí 97.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 wá dé. Ààrẹ tuntun ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí kò tó 200 kọjá 480 láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó lé ní 600 lóṣù keje, kí 2024 tó parí ó ti ju 1,000 lọ. Ọ̀jọ́tà dá wáí. Àwọn tó wà lórí pèpéle lọ́jọ́sí ti gbé páńẹ́ẹ̀lì sórílé, wọ́n ń tweet nínú AC.

Akọ̀wé_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sólà bo ìbọn mọ́lẹ̀. Àwa tá a jáde lórí EndSARS ní 2020 mọ ohun tójú wa rí ní Lẹ́kí lóru ogúnjọ́ oṣù kẹwàá. Àwọn ọ̀dọ́ tún jáde ní oṣù kẹjọ 2024, nítorí ebi, èèyàn kú. Kò sẹ́ni tó ń wo òrùlé rẹ̀ kó tó pinnu pé òun ò jáde. Ìbẹ̀rù ni. Àti pé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn kan dákẹ́ ní 2023 nítorí pé ẹni tó dé orí oyè jẹ́ tiwọn.

Alámòójútó
A gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú o. Màá pa á rẹ́.

Tíṣà_Ìtàn
Mo fẹ́ràn ohun tí Mo_Wà_L'Ọ́jọ́tà sọ, mo sì gbà pé Akọ̀wé_Kékeré náà ò parọ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn wá.

Ní 1945, Michael Imoudu àtàwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ṣíwájú ìyanṣẹ́lódì tó lé ní oṣù kan. Ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù dúró sójú kan. Kí ló mú kí òyìnbó gbọ́ tiwọn? Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé kòkó àti ẹ̀pà lọ sí èbúté. Èédú Enugu ló ń wa ọkọ̀ náà, èédú kan náà ló ń tan iná Ìjọra tí wọ́n ṣí ní 1923. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló wa èédú náà, ọwọ́ ló fi ṣọ́bìrì bù ú sẹ́nu ìléru. Bí ọwọ́ yẹn bá ká, Èkó ṣókùnkùn, kòkó jẹrà. Òyìnbó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá fi yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949. Àwọn èèyàn náà ò gbé ohun ìjà kankan. Èédú tí wọ́n jókòó lé ni òyìnbó bẹ̀rù.

Ẹ wá sún mọ́ tòsí. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1994, NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo àti awakọ̀ táńkà, daṣẹ́ sílẹ̀ lórí June 12. Frank Kokori ni akọ̀wé àgbà wọn. PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ epo, dara pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà náà ẹ rántí bí a ṣe fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n Abacha ò ṣubú. Kí ló dé? Awakọ̀ táńkà lè pa ilé epo àdúgbò, àmọ́ epo rọ̀bì tó ń gba páìpù lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló ń fẹ́, ó sì ṣì ń jáde, dọ́là ṣì ń wọlé. Wọ́n mú Kokori ní oṣù kẹjọ, ó di oṣù kẹsàn-án ìyanṣẹ́lódì fọ́.

Èédú fẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́, epo fẹ́ díẹ̀. Sólà ò fẹ́ ọwọ́ kankan tí wọ́n bá ti kàn án mọ́ òrùlé tán. Ta ló máa yanṣẹ́ lódì sí oòrùn?

Sólà_Pọ́ńbélé
Sà, mò ń kàn án mọ́ òrùlé, ọwọ́ mi ń fẹ́ owó o 😂😂

Ṣèyí_Manchester
Ohun tí Tíṣà sọ yìí, ó ṣẹlẹ̀ níbi tí mo wà gẹ́lẹ́. Ní 1974, ìjà àwọn awakùsà èédú mú kí ìjọba Heath, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa lo iná ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó pe ìdìbò pé kí aráàlú sọ ẹni tó ni ìlú, ó sì fìdí rẹmi. Thatcher, tó di olórí ìjọba lẹ́yìn náà, kọ́gbọ́n níbẹ̀. Kó tó dojú kọ wọn ní 1984, ó ti kó èédú jọ gègèrè sí àwọn ilé-iṣẹ́ iná. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi jà, wọ́n padà síṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn ìyẹn ni gáàsì inú òkun gbapò. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n pa ilé-iṣẹ́ iná tó kẹ́yìn tó ń jó èédú, Ratcliffe-on-Soar. Afẹ́fẹ́ dára sí i, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tiwa níbí. Mítà àsansílẹ̀ ni mo ń lò, bíi tiyín. Tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni à ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ kún. Nígbà tí gáàsì gbówó lórí nítorí ogun Ukraine, àwọn ilé-iṣẹ́ iná gbàṣẹ kóòtù, wọ́n ń já ilẹ̀kùn onígbèsè wọlé láti de mítà àsansílẹ̀ fún wọn, aláìsàn àti ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Ariwo pọ̀ débi pé Ofgem, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì, ní kí wọ́n dá a dúró ní oṣù kejì 2023. Ní tàwọn tó ní smart meter, kò tiẹ̀ sí ilẹ̀kùn láti já. Ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó tẹ bọ́tìnnì, mítà rẹ ti di àsansílẹ̀.

Àǹtí_Ẹlẹ́ja
Bọ́tìnnì yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wa o, Ṣèyí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò gba sólà olówó díẹ̀díẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì wà lórílé ẹ̀, bátìrì wà nínú yàrá ẹ̀, oòrùn ń ràn yòò. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó san tọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n tì í pa láti ọ̀nà jíjìn. Ó jókòó sábẹ́ páńẹ́ẹ̀lì nínú òkùnkùn. Ẹ dákun, ta ló wá ní oòrùn?

Sólà_Pọ́ńbélé
Mà, àdéhùn tó fọwọ́ sí ni. Tí kò bá sí títì yẹn, kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa gbé ọjà olówó ńlá lé ẹni tí kò ní ohun ìdúró lọ́wọ́. Tí ó bá san án tán, tirẹ̀ ni títí ayé.

Mo_Wà_L'Ọ́jọ́tà
Títí ayé tí bátìrì bá fi kú ni. Ibo la ti ń ra òmíràn? Ṣáínà. Ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ṣíṣe páńẹ́ẹ̀lì ayé ló wà lọ́wọ́ wọn. A kúrò lọ́wọ́ NEPA, a bọ́ sọ́wọ́ Beijing.

Sólà_Pọ́ńbélé
Kì í ṣe bákan náà. Tí Ṣáínà bá bínú sí wa lónìí, páńẹ́ẹ̀lì tí mo ti dè ò ní kú, yóò máa ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún sí i. Tí epo bá wọ́n lónìí, jẹnẹrétọ̀ kú lálẹ́ òní. Ẹni tó ń ta páńẹ́ẹ̀lì fún ọ, ẹ̀ẹ̀kan ló rí ọ mú. Ẹni tó ń ta epo fún ọ ń rí ọ mú lójoojúmọ́.

Tíṣà_Ìtàn
Ìdáhùn tó dáa gan-an nìyẹn. Màá lò ó ní kíláàsì.

Wẹ́dà_Òkè_Àdó
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ ti dé Enugu, ẹ ti dé Manchester. Ẹ wá dúró díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Sólà tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí ń tan tẹlifíṣàn, ń tan fáànù, ń tan fíríìjì. Ẹ gbé ẹ̀rọ wẹ́dà lé e wò. Bó bá ti fẹnu kan irin báyìí, ìnfátà á ké "pìì", ó kú. Èyí tó lè gbé e, owó rẹ̀ lè ra ilẹ̀. Nítorí náà díísù ni mò ń jó, géètì tí mò ń ṣe wọ́n, oníbàárà ní òun máa lọ ra èyí tó ti Ṣáínà dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń dín kù, méjì ti lọ gun ọ̀kadà.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Sólà yóò jẹ́ kí gbogbo yín máa wo bọ́ọ̀lù nínú ilé. Ìlú tó ń wo bọ́ọ̀lù tí kò lè jó irin mọ́ra ńkọ́?

Bàbá_Oníná
Ọmọ mi, orí wáyà ńlá ni iṣẹ́ tìrẹ wà, kò sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí ìsédò Kainji parí ní 1968, omi bo Bussa àtijọ́, ó ju 40,000 èèyàn tí wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Wáyà 330 kV gbé iná náà gba Jẹ́bà àti Òṣogbo, ó dé Ìbàdàn, ó dé Èkó, kí ilé-iṣẹ́ lè máa ṣiṣẹ́. Ẹnì kan pàdánù ilé bàbá rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rí iná jó irin. Gbèsè tá a jẹ àwọn ará Bussa nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sínú bíìlì.

Akọ̀wé_Kékeré
Ìrètí tiwa ni òfin iná 2023. Ìpínlẹ̀ ti lè dá ilé-iṣẹ́ iná sílẹ̀ báyìí, kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n tà á, kí wọ́n bójú tó o. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ó kéré tán, a mọ ilé gómìnà, a lè lọ dúró síwájú rẹ̀.

Mo_Wà_L'Ọ́jọ́tà
Gómìnà tóun náà ti ní sólà 😏

Ẹ ò sì tíì dárúkọ Dangote. Ilé ìfọpo kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, 650,000 àgbá lójúmọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹntiróò ní oṣù kẹsàn-án 2024. Mo yọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo ṣì ń yọ̀, ó sàn ju ká máa kó epo wọlé lọ. Ó wá ra ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń lo gáàsì láti máa gbé epo kiri. NUPENG daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2025, wọ́n ní Dangote ò jẹ́ kí àwọn awakọ̀ náà wọ ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Kokori nìyí o. Tí ọwọ́ ẹnì kan bá di ibi tí wọ́n ti ń fọ epo mú, tó di ọkọ̀ mú, ẹgbẹ́ wo ló máa tún lè sọ pé "ó tó"?

Tíṣà_Ìtàn
Mo lérò pé ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ Ọmọ_Bàṣọ̀run wà. Àbá kan rèé, ẹ lè bú mi: ẹni tó bá de sólà ṣì gbọ́dọ̀ máa san owó kékeré kan lóṣooṣù lórí wáyà àdúgbò. Tí ó bá ń sanwó níbẹ̀, yóò máa bínú nígbà tó bá bàjẹ́. Ìbínú rẹ̀ la fẹ́, kì í ṣe owó rẹ̀.

Onílé_Jẹ́jẹ́
Mo ti ń kà láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n èyí pọ̀ jù. Ara àwọn tẹ́ ẹ̀ ń bú ni mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi san bíìlì àfojúdá fún iná tí mi ò rí. Mo dáwó tiransifọ́mà, mo dáwó òpó, mo dáwó fún àwọn tó wá gun òpó. Mo yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí n tó ra sólà yìí, mo ṣì ń san án. Kí n tún wá máa san owó ohun tí mi ò lò, kí n lè máa *bínú*? Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́ sà.

Àǹtí_Ẹlẹ́ja
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ kú ìnáwó. Mo kàn fẹ́ béèrè: iná tó ń tàn níwájú géètì yín lóru, tí àwọn ọdẹ fi ń ríran, orí wáyà wo ló wà?

Onílé_Jẹ́jẹ́
Ti iná ìta yẹn, a lè jókòó sọ ọ́. Ti tiransifọ́mà, rárá o.